Ẹ̀tù Inú Agolo Méjì

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi nílé pé ìlú òyìnbó ni mo ti máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ ṣe ọta ìbọn, ǹ bá bi í pé ṣé ó ti mu ẹmu yó ni. Èmi ọmọ ọdẹ tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn bàbá rẹ̀! Nílé wa ní Òkè-Ògùn, ara ògiri yàrá ni bàbá mi ń gbé ṣakabùlà rẹ̀ kọ́ sí. Obìnrin kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, bó bá sì wà nílẹ̀, obìnrin kò gbọdọ̀ rékọjá lórí rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ gbálẹ̀ yàrá náà, ẹnu ọ̀nà ni màá dúró sí, màá ké sí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kí ó wá bá mi gbé e kúrò.

Bàbá mi kò ní ìka méjì lọ́wọ́ òsì. Ìbọn ló bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje. Ohun tí gbogbo ilé ń sọ ni pé ìbọn náà ti gbó. Láti ìgbà náà ni àbúrò rẹ̀, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, ti ń bá a ro oko lọ́dọọdún kí ó tó ro tirẹ̀. Àwọn òbí wa a máa fi ṣe àpẹẹrẹ fún wa bí a bá ń jà: ẹ wo bí ọmọ ìyá ṣe ń ṣe síra wọn.

Thamesmead West ni mo dé sí ní London, nínú yàrá kan ní ilé Auntie Bọ́lá, tó jẹ́ ará ìlú ìyá mi. Ilé náà kò jìnnà sí odò, kò sì jìnnà sí ọgbà ẹ̀wọ̀n ńlá kan. Ìjọ wa wà nínú ilé ìkẹ́rùsí kan tó fara ti àwọn tó ń ṣe táyà. Bí a bá ti bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà tí a wọ sùtánà funfun, àwọn oníṣẹ́ táyà á dáwọ́ dúró, wọ́n á máa wò wá.

Kì í ṣe òtútù ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi tẹ́lẹ̀. Kíkí ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mi, mo dé ibùdókọ̀, mo kí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, "Good morning o!" Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Obìnrin kan fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Mo wo ara mi wò bóyá mo wọ aṣọ sódì. Nílé wa, ẹni tí a kí tí kò dáhùn, àfi kí ó jẹ́ pé ó ń bá èèyàn jà. Mo wá ń ronú pé kí ni mo ṣe fún gbogbo ìlú yìí.

Iṣẹ́ tí mo rí ni títọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Màá wẹ ẹni kan ní Plumstead, màá po tíì fún ẹlòmíràn ní Glyndon, màá sáré wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ ẹni kẹta. Mo lè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí gbólóhùn Yorùbá kan má jáde lẹ́nu mi. Bí mo bá wá délé tí Auntie kò tíì dé, ìkòkò ọbẹ̀ ni mo máa ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní ọmọbìnrin kan tó wà lọ́dọ̀ àwọn òbí mi. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń farada gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ kí ìwé ìgbélùú mi dúró dáadáa kí n lè mú un wá.

Orí Shooters Hill ni mo ti pàdé Mr Len. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ń gbọ̀n láìdáwọ́dúró. Ọjọ́ kìn-ín-ní ló ní kí n máa pe òun ní Len. Len, bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀! Ẹni tó tó bàbá mi! Ẹnu mi kò gbà á. A fi orí rẹ̀ tì sí "Mr Len". Inú tirẹ̀ dùn díẹ̀, inú tèmi náà dùn díẹ̀.

Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ ní etí odò ní Woolwich, níbi tí ìjọba ti ń ṣe ìbọn àti ọta láyé àtijọ́. Ilé àwọn olówó ló wà níbẹ̀ báyìí, kọfí ni wọ́n ń tà níbi tí wọ́n ti ń rọ ọta. Ṣùgbọ́n Mr Len kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ òun. Ó ní ṣẹ́ẹ̀dì kan lẹ́yìn ilé, ó sì ní ìbọn àtijọ́ kan tí ó ní ìwé àṣẹ fún, tó ń tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù irin. Ìbọn àwọn sójà Switzerland ni, wọ́n ti rọ ọ́ kí wọ́n tó bí òun fúnra rẹ̀.

"Ṣé àwọn yẹn ń jagun ni?" mo bi í.

"Rárá," ó ní. "Wọ́n kàn ń dúró dè é ni."

Irin ẹ̀gbẹ́ ìbọn náà, èèyàn kì í yí i. Tààrà ni wọ́n ń fà á sẹ́yìn, bí ẹni fa dúrọ́ọ̀ tábìlì. Ọta rẹ̀ ṣọ̀wọ́n lọ́jà, èyí tó sì wà kì í bá a lára mu bí èyí tí Mr Len bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ìkarahun idẹ tí wọ́n ti yìn tẹ́lẹ̀ ni yóò kó jọ, yóò fọ̀ ọ́, yóò fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ padà sí bó ṣe yẹ kó rí. Yóò fi ohun kékeré tó ń ṣaná sí i nídìí, yóò wọn ẹ̀tù sínú rẹ̀, yóò sì ti orí ọta bọ ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń gbọ̀n kò ṣeé fi wọn ẹ̀tù. Lọ́jọ́ kan mo gbé tíì lọ bá a ní ṣẹ́ẹ̀dì, mo rí i pé ẹ̀tù ti dà sí gbogbo orí tábìlì. Bàbá náà jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ọmọ tó ya ìpátá.

"Yá mi lọ́wọ́ rẹ," ó ní.

Mo kọ̀. Mo sọ fún un pé ọ́fíìsì wa kò gbà kí a fọwọ́ kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo tún sọ fún un pé nílé wa, obìnrin kì í súnmọ́ ìbọn ọdẹ.

"Ọ́fíìsì kò sí níbí," ó ní. "Ìbọn náà kò sì mọ ẹni tó jẹ́ obìnrin."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó o. Òun a fi ojú mú ìwọ̀n, èmi a máa rọ ẹ̀tù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ní ó tó. Ó kọ́ mi pé ẹ̀tù kan yàtọ̀ sí òmíràn. Ọ̀kan ń jó díẹ̀díẹ̀ bí igi, òmíràn ń jó gbà lẹ́ẹ̀kan náà bí kẹrosíìnì. Bí èyí tó yára bá wọ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀, ìbọn á bẹ́ sójú ẹni tó dì í mú. Nítorí náà, òfin ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni pé agolo ẹ̀tù kan ṣoṣo ló gbọdọ̀ wà lórí tábìlì.

Àpáta ẹ̀yìn ilé ni bàbá mi gbọdọ̀ gùn kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó mú fóònù rẹ̀ dáadáa, nítorí náà ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn la fi ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo ń bá òyìnbó kan wọn ẹ̀tù, mo múra sílẹ̀ fún èébú.

"Kí ni ẹ fi ń wọ̀n ọ́n?" ó bi mí.

"Ìwọ̀n kékeré kan ni, Bàbá. Béèyàn bá mí sí i, á yí."

"Àtẹ́lẹwọ́ làwa fi ń wọ̀n ọ́n." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹran wo ló ń pa?"

"Kì í pa ẹran, Bàbá. Bébà ni wọ́n ń yìn ín sí."

"Bébà?"

"Bébà tí wọ́n ya òbìrìkìtì sí lára."

"Àgbà ọkùnrin ń dọdẹ bébà!" Ó yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ṣé o gbọ́ ohun tí ọmọ yìí ń sọ?" Mo gbọ́ ẹ̀rín Bàbá Kékeré, kò rọrùn fún un láti dáwọ́ rẹ̀ dúró.

N kò mọ ìgbà tí ṣẹ́ẹ̀dì náà di ibi tí ara mi ti ń balẹ̀ jù ní London. Bóyá òórùn rẹ̀ ni, epo ìbọn àti ẹ̀tù pọ̀, òórùn tó máa ń ti abẹ́ ilẹ̀kùn yàrá bàbá mi jáde nígbà tí mo bá dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Mo ti rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kí n tó rí àyè wọ yàrá náà. Nínú bọ́ọ̀sì, n kò ju obìnrin dúdú kan tó ń tòògbé lọ. Ní ṣẹ́ẹ̀dì, ọmọ ọdẹ ni mí.

Ní oṣù October, Mr Len bẹ̀rẹ̀ sí múra. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa lọ yìnbọn ní Sátidé kan, èyí tó kẹ́yìn kí òtútù tó wọlé. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ni kò ti bá wọn lọ. Ó gbé kóòtù rẹ̀ jáde, ó ní kí n lọ̀ ọ́. Ojú rẹ̀ ń dán.

Ọjọ́ Tuesday ọ̀sẹ̀ náà, ó rẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó wọlé lọ sùn, mo sì lọ gbá ṣẹ́ẹ̀dì. Agolo méjì wà lórí tábìlì, ọgbọọgba, ọ̀kan kù díẹ̀, èkejì wà ní ìdajì. Ẹ̀tù inú wọn dúdú bákan náà. Ìyá tó tọ́ mi kì í fojú rere wo agolo méjì tí kò kún. Gàrí ni o, iyọ̀ ni o, ẹ̀lùbọ́ ni o, èyí tó bá kù díẹ̀, inú èkejì ló ń lọ, kí a lè rí agolo kan fọ̀. Ọwọ́ mi kò tilẹ̀ bèèrè lọ́wọ́ orí mi. Mo da ọ̀kan sínú èkejì, mo mì ín kí ó dọ́gba, mo nu tábìlì, mo sì sọ agolo òfìfo sínú àpótí ìdọ̀tí fún àwọn ohun tí wọ́n ń tún lò. Orin ni mo ń kọ nígbà tí mo ń ṣe é.

Lọ́jọ́ kejì, ó wo orí tábìlì. "Agolo kejì dà?"

"Mo ti palẹ̀ rẹ̀ mọ́, sà."

Ó mi orí pé ó dáa. Ó rò pé mo ti gbé e padà sórí pẹpẹ. A jókòó, a sì ṣe ọta àádọ́ta.

Àárọ̀ Thursday ni wọ́n ń kó ìdọ̀tí ní àdúgbò rẹ̀. Bí mo ṣe ń wọ́ àpótí náà jáde, agolo yẹn yí sókè. Orúkọ ara rẹ̀ yàtọ̀ sí ti inú ṣẹ́ẹ̀dì. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Mr Len ti fi bíró pupa kọ ọ́ sí ìdí rẹ̀ pé ti ìbọn tí òun ti tà ni, pé kò gbọdọ̀ wọ ti Switzerland. Mo fi agolo náà sínú báàgì mi, mo po tíì rẹ̀ fún un, mo sì sá jáde nílé náà bí olè.

Auntie Bọ́lá wà nídìí ọbẹ̀ nígbà tí mo délé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ṣé ẹnikẹ́ni rí ẹ?" ó ní.

"Rárá, Auntie."

"Then keep your mouth shut! Ṣé o fẹ́ kí office sack ẹ ni? Wọ́n ti warn yín pé kẹ́ ẹ má touch nǹkan bẹ́ẹ̀. Wọ́n á report ẹ, visa tó o fẹ́ renew, gbogbo ẹ̀ á spoil. Ọmọ ẹ ńkọ́? Kàn sọ fún bàbá yẹn pé cold ti pọ̀ jù, kó má lọ mọ́."

"Tó bá wá lọ ńkọ́, Auntie?"

Ó ro ọbẹ̀ náà, ó tún un rò. "A máa gbàdúrà," ó ní, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Kì í ṣe ìkà èèyàn. Wọ́n ti lé òun náà níṣẹ́ rí nítorí ohun tó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, ó sì pẹ́ kí ó tó rí òmíràn.

Mo wọ yàrá, mo pe bàbá mi. Kì í ṣe ọjọ́ Àìkú, nítorí náà ó ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ kí ó tó gun àpáta dé òkè.

"Bàbá, mo da ẹ̀tù méjì pọ̀. Mi ò mọ̀ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà."

"Ṣé ó ti yìn ín?"

"Rárá. Ọ̀túnla ni."

"Ṣé o ti sọ fún un?"

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"O rántí ìka mi," ó ní.

"Ìbọn ló bẹ́, Bàbá. Ó ti gbó."

"Kò gbó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ki ẹ̀tù sínú rẹ̀. Ẹnìkan ti bá mi ki í sílẹ̀ kí n tó jí, kò sọ. Èmi náà tún ki tèmi lé e. Nígbà tó máa rántí, mo ti wọgbó. Ì bá sáré tẹ̀lé mi, ojú tì í. Ẹ̀tù kọ́ ló gé ìka mi, ọmọ mi. Ìtìjú ni."

"Ta ni, Bàbá?"

"Ẹni tó ṣe é mọ ara rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, ó sì wà láyé. N kò bínú ìka mọ́. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ yẹn, a kì í lọ bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn. Ẹni tó ni ín ló ń gbé e wá. Láti ìgbà tí o wà lọ́mọ ọdún méje ni mo ti ń retí rẹ̀. Lọ sọ fún bàbá náà. Bí wọ́n bá lé ọ, ilé wà."

Mo sunkún dáadáa lẹ́yìn tí ó kúrò lórí fóònù, nítorí pé òun nìkan ló sọ fún mi láti ìgbà tí mo ti dé London pé ilé wà.

Ní Friday, Mr Len ti wà ní ṣẹ́ẹ̀dì nígbà tí mo dé. Àádọ́ta ọta ti wà nínú àpótí wọn, wọ́n tò bí ọmọ iléèwé. Mo kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì. N kò pète rẹ̀, bí wọ́n ṣe bí mi ni.

Ó fò dìde. "Ṣé o ṣubú ni?"

"Rárá, sà. Mo ń bẹ̀ yín ni."

"Dìde. Ilẹ̀ yẹn tutù."

"N kò lè dìde bí n kò bá tíì sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, sà, èmi ni." Mo mú agolo náà jáde nínú báàgì, mo sọ bó ṣe rí, láti orí gàrí ìyá mi títí dé àpótí ìdọ̀tí.

Ó gba agolo, ó ka ìdí rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ṣé o mọ ohun tí ì bá ṣe ojú mi?"

"Mo mọ̀, sà. Bàbá mi kò ní ìka méjì."

Ó jókòó. "Kí ni òfin tábìlì yìí?"

"Agolo kan ṣoṣo, sà."

"Ta ló gbé méjì síbẹ̀?"

Mo wolẹ̀. Ta ni yóò wo ojú àgbà kó dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀?

"Èmi ni," ó ní. "Pẹ̀lú gbogbo ọdún tí mo ti fi ṣe iṣẹ́ yìí, èmi ni mo gbé méjì síbẹ̀ tí mo lọ sùn."

Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù pé òun kò ní wá. Ó ní ẹ̀tù òun kò dára, pé òun ni òun bà á jẹ́. Ó gbìyànjú láti fi ṣe àwàdà, ohùn rẹ̀ sì já láàárín. Ó dùn mí ju bí ẹni pé ó bú mi lọ. Mo bi í bóyá ó máa sọ fún ọ́fíìsì.

"Ọ́fíìsì?" ó ní. "Kí wọ́n lè rán ẹni tí kò mọ tíì pò sí mi?"

Ọjọ́ ìsinmi mi ni Sátidé, síbẹ̀ mo lọ. Ohun kan wà tó dà bí òòlù, tí a ń ti ọta bọ̀ nídìí. Bí a bá gbá a mọ́ igi, orí ọta á já bọ́, ẹ̀tù á sì dà jáde. Mo gbá gbogbo àádọ́ta rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ń kà á. A da ẹ̀tù náà ká abẹ́ òdòdó ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ìbọn wá, ó tú irin ìdí rẹ̀ pẹ̀lú ìránlọ́wọ́ mi. Bébà kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Orúkọ sójà tó kọ́kọ́ ni ìbọn náà ló wà lára rẹ̀, àti orúkọ abúlé rẹ̀ ní Switzerland. Mr Len ní wọ́n máa ń fi síbẹ̀ ni, òun kò sì yọ ọ́ rí, nítorí pé kì í ṣe tòun.

Mo rò ó nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí mo ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Woolwich. Ìbọn yẹn ti pẹ́ ní Shooters Hill ju ibi tí wọ́n ti rọ ọ́ lọ, kò sì sí ẹni tó ní kó ju orúkọ abúlé rẹ̀ nù kí ó tó lè yìn dáadáa. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, nígbà tí oòrùn padà, a ṣe ọta mìíràn, ó sì lọ. Bébà tó yìn lọ́jọ́ náà wà lára ògiri yàrá mi. Bàbá mi ṣì ń bèèrè lọ́wọ́ mi bóyá a ti sè é.

Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tí mo jẹ́wọ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ. Ìsìn ti parí, mo dúró níwájú ilé ìkẹ́rùsí náà pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn, mo pe bàbá mi.

"Mo ti sọ fún un, Bàbá. Kò lé mi."

"O ṣeun," ó ní. "O ṣeun, ọmọ mi." Lẹ́yìn náà ó ní, "Àbúrò mi wà níbí. Mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ fún un lánàá. Ó ní òun fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀."

Bàbá Kékeré gba fóònù. Mo kí i, kò dáhùn ìkíni mi, òun tí kíkí máa ń kún ẹnu rẹ̀. Afẹ́fẹ́ orí àpáta ń fẹ́ sínú fóònù.

"Ọmọ mi," ó ní nígbẹ̀yìn, "báwo lo ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Kí lo kọ́kọ́ sọ?"

Ìgbà yẹn ni ìdí tó fi ń ro oko bàbá mi lọ́dọọdún yé mi.

"Mo kúnlẹ̀, Bàbá Kékeré," mo ní. "Mo ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni.' Ìyókù jáde fúnra rẹ̀."

Mo gbọ́ tí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀ lórí òkúta, wọn kò pa á. Mo gbọ́ aṣọ tó ń ha ilẹ̀, àti ìmí àgbàlagbà tó ń fi àyà lélẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni."

Àwọn oníṣẹ́ táyà ń kan nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo fi ọwọ́ bo etí kejì kí n lè gbọ́ bàbá mi.

"Mo mọ̀," ó ní. "Dìde, àpáta yìí gbóná."